Ojú ọ̀run kò tó gbogbo ẹyẹ fò: bí ọ̀nà àtijẹ ṣe ń pinnu ẹyẹ tó máa ṣẹ́kù nínú igbó tó já sí wẹ́wẹ́

Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Òwe náà bá àwòdì mu, ó bá ẹyẹlé àti lékelèké mu. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ kan wà lábẹ́ igbó kìjikìji tí ojú ọ̀run kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún. Wọ́n ní ìyẹ́, wọ́n sì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá dé etí igbó, tí wọ́n rí ilẹ̀ gbalasa níwájú, ibẹ̀ ni ayé parí sí lójú wọn.

Wọ́n ti dán èyí wò lójú omi. Lórí adágún Gatun ní Panama, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ kó ẹyẹ igbó sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé wọn jìnnà díẹ̀ sí etídò, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fò padà sínú igbó. Àwọn kan gbéra, wọ́n fò tààrà, wọ́n sì gúnlẹ̀. Àwọn mìíràn fò díẹ̀, apá wọn kò gbé e mọ́, wọ́n já sínú omi, àwọn tó tú wọn sílẹ̀ ló tún ní láti wa ọkọ̀ lọ yọ wọ́n. Àbájáde ìwádìí yìí jáde ní 2008. Irú ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kò lè fò já mítà 100 péré, ìyẹn nǹkan bí gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a bá ń gbọ́ ìròyìn igbó pípa. Ní 2024, hẹ́kítà mílíọ̀nù 6.7 ẹgàn ló run ní ilẹ̀ olóoru, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Yunifásítì Maryland àti World Resources Institute ṣe fi hàn. Kò tíì sí ọdún tó burú tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka á, iná ló sì jó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Iye tó run yìí ni gbogbo ìròyìn máa ń gbé. Èyí tó kù ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún igbó tó ṣẹ́kù lágbàáyé ni kò jìn tó kìlómítà kan sí etí igbó. Ohun tó ń lọ, nígbà náà, ju pé igbó ń dín kù. Èyí tó kù ń já sí abala-abala, bí aṣọ tí eku jẹ: oko yí apá kan ká, pápá ìjẹko màlúù yí òmíràn ká, ọ̀nà ọkọ̀ la òmíràn já.

Bí a bá wo irú igbó bẹ́ẹ̀ láti ojú sánmà, àwọ̀ ewé la máa rí, a ó sì ní igbó ṣì wà. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ lọ láàárọ̀ kùtù, tó sì mọ ohùn ẹyẹ, ló máa mọ̀ pé àwọn kan ti lọ. Kì í sì í ṣe bí ó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń lọ. Ètò wà níbẹ̀. Láti igbó kan sí èkejì, ní Amẹ́ríkà, ní Áfíríkà àti ní Éṣíà, bí o bá mọ ohun tí ẹyẹ kan ń jẹ, tí o sì mọ ọ̀nà tó ń gbà rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé o lè sọ bóyá ó máa wà níbẹ̀ ní ogún ọdún sí i tàbí kò ní sí. Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀nà tó ń gbà rí i, ni mo fẹ́ kí a fojú sí jù.

Àwọn tó ń jẹ lẹ́yìn ìjàlọ

Ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò ló pọ̀ jù lábẹ́ igbó ilẹ̀ olóoru. Iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Àwọn kan ń fi ẹnu yí ewé gbígbẹ padà nílẹ̀, ewé kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Àwọn kan ń gun ara igi, wọ́n ń yọ ohun tó sá pamọ́ sábẹ́ èèpo. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n máa tú ewé gbígbẹ tó ká jọ tó sì há sórí ẹ̀ka wò, nítorí alántakùn àti ìrẹ̀ máa ń fi ibẹ̀ ṣe ibùsùn ní ọ̀sán. Ewé tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kòkòrò wà lórí rẹ̀, wọn ò ní wò ó.

Nínú gbogbo wọn, àwọn tó ń tẹ̀lé ìjàlọ ló yà mí lẹ́nu jù. Ní igbó Amẹ́ríkà ti ilẹ̀ olóoru, ẹ̀yà ìjàlọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eciton burchellii. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tú jáde bí ẹni tẹ́ ẹní, iwájú ogun wọn lè fẹ̀ tó mítà 10. Ewé gbígbẹ á máa dún ṣáṣá. Aáyán á fò jáde lábẹ́ igi tó ti rà, ìrẹ̀ á ta gìrì, alántakùn á sá gun ẹ̀ka, àkéekèé á máa wọ́ ìrù lọ. Gbogbo wọn ló ń sá fún ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sí èyí tó gbójú sókè. Òkè gan-an ni ẹyẹ wà. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ọmọ igi tín-ínrín kan mú, kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ, ó dorí kodò, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Aáyán ta pọ́ún. Ẹyẹ bọ́ sílẹ̀, ó ṣà á, ó sì ti wà lórí igi rẹ̀ padà kí ìjàlọ tó gun ún lẹ́sẹ̀.

Kì í jẹ ìjàlọ fúnra rẹ̀. Ohun tí ìjàlọ lé jáde ló ń jẹ. Àwọn ẹyẹ tó pé síbi ogun kan lè pọ̀, wọ́n sì mọ ipò ara wọn: èyí tó tóbi tó sì lágbára á gba àárín, níbi tí oúnjẹ ti ń rọ̀, àwọn kéékèèké á sì máa ṣà létí. Ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké yìí ní ìyẹ́ funfun tó dúró ṣánṣán níwájú orí àti ní àgbọ̀n rẹ̀. Pithys albifrons ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò mọ ọ̀nà àtijẹ mìíràn tó lè gbé e ró fún ìgbà pípẹ́. Bí kò bá sí ogun ìjàlọ, ebi ni.

Bẹ́ẹ̀, ìjàlọ kì í jagun lójoojúmọ́. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á máa jagun lójúmọ́, wọ́n á sì máa ṣí kúrò níbi tí wọ́n sùn lálaalẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ̀dó síbì kan fún nǹkan bí ogún ọjọ́, ìjáde wọn á sì dín kù gan-an. Kí ni ẹyẹ máa jẹ lákòókò yẹn? Ó gbọ́dọ̀ mọ ilé ìjàlọ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹyẹ yìí fi máa ń yà wo ibùdó ìjàlọ bí ẹni tó ń bẹ oníbàárà wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa jáde lọ́la. Ilé ìjàlọ kan ṣoṣo nílò igbó tó tó hẹ́kítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyẹ tó nílò ilé ìjàlọ mélòó kan kí ó tó lè jẹun lójoojúmọ́, mélòó ni hẹ́kítà tirẹ̀? Ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó rí i pé ẹyẹ tí kò tóbi ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ lè nílò igbó tó fẹ̀ gan-an.

Ní Áfíríkà, ìjàlọ tiwa náà ní àwọn atẹ̀lé tirẹ̀. Nínú igbó Kakamega ní Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí rí i pé oríṣi ìjàlọ méjì tí wọ́n jọ ara wọn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí igbó já sí kéékèèké, ọ̀kan dín kù, èkejì ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ lè wo ilẹ̀ kí ó ní ìjàlọ ṣì wà. Àmọ́ àwọn ẹyẹ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni títẹ̀lé ìjàlọ dín kù gidigidi níbẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀lé jù ló ń lọ. Ìyípadà kékeré nílẹ̀, ìparun ńlá lórí ẹ̀ka.

Ohun tí wọ́n rí nítòsí Manaus

Bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ibi tó dà bí igbó tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 80 sí àríwá ìlú Manaus ní Bràsíl. Láyé ìgbà náà, òfin Bràsíl ní kí àwọn tó ń pa igbó láti da màlúù fi ìdajì ilẹ̀ wọn sílẹ̀ bí igbó. Thomas Lovejoy, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2021, ló rí i pé bí igbó bá máa ṣẹ́kù ní dandan, a lè bá àwọn onílẹ̀ sọ ọ́ kí èyí tó ṣẹ́kù ní ìwọ̀n tí a mọ̀: hẹ́kítà kan, hẹ́kítà 10, hẹ́kítà 100. Ní 1979 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí dòní. Ohun tó jẹ́ kó níye lórí ni pé wọ́n ti na àwọ̀n, wọ́n ti mú ẹyẹ, wọ́n ti fi òrùka kékeré sí wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ̀rọ ìgégi tó dé. Nítorí náà, wọ́n mọ ẹni tó wà nílé kí ilé tó jó.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ. Gbàrà tí wọ́n gé igbó yíká, ẹyẹ pọ̀ sí i nínú abala tó kù. Àwọ̀n ń kún. Ẹni tó bá wá ka ẹyẹ lọ́sẹ̀ náà nìkan lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ewu. Àwọn tó kún inú àwọ̀n yẹn, asásálà ni wọ́n. Ilé wọn ti wó, wọ́n sá wọ ilé aládùúgbò. Kò pé ọdún kan tí iye wọn fi já wálẹ̀, ó sì ń lọ sísàlẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tàbí fún ìjọba mọ apá yìí sórí, torí kíka ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí igi wó lè sọ òdì kejì òtítọ́.

Àwọn tó ń tẹ̀lé ìjàlọ ló kọ́kọ́ lọ. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n ti tán nínú abala hẹ́kítà kan àti hẹ́kítà 10. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ni àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ní ẹgbẹ́. Ní igbó Amazon, oríṣiríṣi ẹyẹ ajẹkòkòrò máa ń kóra jọ sójú kan náà ní ìdájí, wọ́n á sì jọ máa rìn kiri ilẹ̀ kan náà dalẹ́. Ẹyẹ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thamnomanes ni olórí wọn, òun ni aṣọ́nà. Yóò bà sí gbangba díẹ̀, yóò máa ṣọ́ àwòdì, bí ó bá sì ké, gbogbo wọn á dákẹ́ lórí ẹ̀ka. Ohun tí èyí ń ṣe fún àwọn tó kù ni pé wọ́n lè ki orí bọ inú ewé láìwẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ tó kù bá kéré ju èyí tí ẹgbẹ́ náà ń rìn lójúmọ́, ẹgbẹ́ á tú. Bí ẹgbẹ́ bá tú, kò sí aṣọ́nà mọ́, olúkúlùkù á sì máa fi ojú kan wá oúnjẹ, á máa fi èkejì wo ikú.

Àwọn tó ń yí ewé padà nílẹ̀ náà lọ, díẹ̀díẹ̀. Nínú abala hẹ́kítà 100 pàápàá, ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé ìdajì irú àwọn ẹyẹ abẹ́ igbó á ti lọ kí ọdún 15 tó pé. Hẹ́kítà 100! Ọ̀pọ̀ igbó tí ènìyàn ń tọ́ka sí pé òun fi sílẹ̀ fún ẹranko kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà: nínú ẹgàn tó yí àwọn abala yẹn ká, tí ẹnikẹ́ni kò gé, ìwádìí tó jáde láàárín 2021 sí 2025 fi hàn pé àwọn ẹyẹ ajẹkòkòrò tó ń jẹ nílẹ̀ ń dín kù níbẹ̀ pẹ̀lú, ooru àti ọ̀dá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Igbó tí a kò gé kì í tún ṣe ibi ìsádi pátápátá mọ́. Abala kékeré tí oòrùn ń wọ̀ látẹ̀gbẹ́ ni èyí máa pọ́n lójú jù.

Ṣé oúnjẹ ló tán?

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nìyẹn. Bí ajẹkòkòrò bá lọ, kòkòrò ló tán. Ní Costa Rica, onímọ̀ nípa ẹyẹ kan, Çağan Şekercioğlu, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2002. Wọ́n ka kòkòrò nínú igbó ńlá, wọ́n kà á nínú igbó kékeré tí oko kọfí àti pápá yí ká, wọ́n sì wo ohun tí ẹyẹ jẹ. Wọn kò rí i pé oúnjẹ kéré ní igbó kékeré. Ohun tí èsì wọn tọ́ka sí ni pé àwọn ẹyẹ tó lọ kò lè la ilẹ̀ tí igi ti tán kọjá.

Èsì yìí ló yí èrò mi padà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. A máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Níhìn-ín, oúnjẹ wà nílẹ̀, ìṣẹ́ kò sì bùṣe. Ọ̀nà àtijẹ ti sọ ara ẹyẹ di ohun kan. Ẹyẹ tó ti ń jẹ nínú òkùnkùn abẹ́ igi láti ìran dé ìran ní ojú tó bá òkùnkùn mu, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú, ó yípo, ó dára fún fífò kúkúrú láàárín ọmọ igi, kò dára fún ìrìn àjò. Kò ṣí kiri rí, nítorí kòkòrò wà lábẹ́ igi látoṣù dóṣù. Ìmọ́lẹ̀ etí igbó ń dà á láàmú. Ewé tó jábọ́ létí igbó nípọn, ó sì gbẹ hau, kò jọ ewé ọ̀rinrin tó mọ̀ bí a ṣe ń tú. Àní ọ̀nà ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju mítà 30 sí 40 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yẹra fún un láti kọjá. Nítorí náà, bí akọ kan bá kú nínú abala kékeré, kò sí akọ mìíràn tó máa wọlé wá gba ipò rẹ̀. Bí ejò bá jẹ ẹyin ìtẹ́ méjì léra, ọdún yẹn ti lọ. Kò sí ohun ńlá kan tó pa wọ́n. Wọ́n kàn ń dín, kò sì sí arọ́pò.

Ẹnu tó lè gbé kóró mì

Ti àwọn ajẹèso yàtọ̀. Èso kì í pọ́n níbì kan títí ọdún. Igi kan á so lónìí, òmíràn á so ní oṣù mẹ́ta sí i ní ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ajẹèso ti mọ ìrìn. Agbe àti àlùkò àti àwọn ẹbí wọn ń ti igi dé igi lórí, àwọn ẹyẹ hornbill, tí wọ́n jẹ́ ẹbí àkàlàmàgbò, sì ń fò lókè igbó, ìyẹ́ wọn á máa dún fìì-fìì. Nínú igbó Dja ní Kamẹrúùnù, àwọn olùwádìí tẹ̀lé hornbill pẹ̀lú ẹ̀rọ rédíò kékeré, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé kóró èso tó gbé mì lè bọ́ sílẹ̀ ní ibi tó ju kìlómítà mẹ́fà lọ sí ìdí igi tó ti jẹ ẹ́. Èyí já mítà 100 bí ẹni tó gbẹ́sẹ̀ kọjá gọ́tà.

Kí ló wá ń lé wọn? Ìtóbi wọn. Ẹyẹ ńlá ni ọdẹ ń wò. Ẹyẹ ńlá náà ló nílò ihò ńlá nínú igi ńlá láti yé ẹyin sí. Abo hornbill á wọ inú ihò igi, á fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà títí á fi ku àlàfo tóóró kan, akọ á sì máa gbé ọ̀pọ̀tọ́ àti èso mìíràn wá bọ́ ọ láti ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí wọ́n bá ti gé àwọn àgbà igi tán nínú abala igbó, kò sí yàrá ìkúnlẹ̀ mọ́, bó ti wù kí èso pọ̀ tó. Àwọn ajẹèso kéékèèké ń ṣe dáadáa ní tiwọn, wọ́n tilẹ̀ lè pọ̀ sí i létí igbó níbi tí èso wẹ́wẹ́ ti ń hù. Ẹni tó bá kàn ka iye ajẹèso lápapọ̀ lè má rí àyípadà kankan.

Igi ló máa rí i. Nínú igbó etí òkun ní Bràsíl, èyí tó ti já sí wẹ́wẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún, irú ọ̀pẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní juçara, orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Euterpe edulis. Èso rẹ̀ rí roboto, ó dúdú, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Toucan, ẹyẹ kan tí ẹnu rẹ̀ tóbi gan-an, á gbé e mì, á yọ ẹran ara rẹ̀ nínú, á sì pọ kóró jáde níbòmíràn. Ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kéré á gbìyànjú, èso á há, á jù ú sílẹ̀ ní ìdí ìyá rẹ̀. Olùwádìí kan, Mauro Galetti, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwọ̀n kóró ọ̀pẹ yìí láti igbó tí ẹyẹ ẹlẹ́nu ńlá ṣì wà àti láti igbó tí wọ́n ti tán. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé níbi tí ẹyẹ ńlá ti lọ, kóró ti kéré sí i. Àwọn tó tóbi ju mìlímítà 12 lọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹni gbé wọn mì. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó fún èyí láti ṣẹlẹ̀. Kóró kékeré sì tètè ń gbẹ, ọmọ tó ń hù jáde nínú rẹ̀ kéré. Ẹyẹ lọ, ọ̀pẹ yí padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ṣí i kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo ti rò pé ìran igi kì í yí padà láàárín ọjọ́ ayé ènìyàn méjì.

Lórí àwọn tó ń mu oje òdòdó, n kò ní pẹ́. Ẹyẹ hummingbird ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ nítòsí Manaus, wọn kò sì dín kù bí àwọn ajẹkòkòrò, torí òdòdó pọ̀ létí igbó tí oòrùn ń wọ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ní Costa Rica, èyí tí wọ́n ń pè ní green hermit máa ń gba inú igbó yípo láti padà sílé dípò kó la pápá kọjá. Àwọn ajẹhóró, ní tiwọn, ilẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, àwọn àti lékelèké. Lékelèké fúnra rẹ̀ ti la òkun Àtìláńtíìkì kọjá láìsí ẹni tó gbé e, wọ́n sì rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, ó ń rìn lẹ́yìn màlúù nínú pápá tí wọ́n pa igbó ṣe. Ẹyẹ kan la òkun já, òmíràn kò lè la pápá yẹn kan náà. Ìyẹn ló fà á tí iye ẹyẹ lápapọ̀ kì í fi sọ òtítọ́ nípa igbó.

Gbèsè tí kò tíì tó àsìkò àtisan

Nígbà tí wọ́n dí odò Chagres láti ṣe Ipadò Panama, ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà, omi kún, òkè kan sì di erékùṣù. Barro Colorado ni orúkọ rẹ̀, ó tó hẹ́kítà 1,500, ó sì ti di igbó ìwádìí láti 1923. Kò sí ẹni tó ń gé igi níbẹ̀. Síbẹ̀, irú ẹyẹ tó ju 40 lọ ti parẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹyẹ ìgbẹ́ kékeré tó lọ nítorí igbó ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jẹ́ ẹyẹ inú igbó gan-an, tó ń jẹ nílẹ̀ tàbí nítòsí ilẹ̀. Edwin Willis, onímọ̀ nípa ẹyẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ẹyẹ ìjàlọ erékùṣù yìí ní ọdún 1960, ó sì rí i bí èyí tó tóbi jù nínú wọn, ocellated antbird, ẹni tó máa ń gba àárín ogun, ṣe ń dín lọ títí ó fi tán. Ìjàlọ ṣì wà níbẹ̀. Ààtò ogun ṣì ń lọ láàárọ̀.

Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní gbèsè. Ọjọ́ tí wọ́n gé igbó ni wọ́n jẹ gbèsè náà, àmọ́ ọdún mẹ́wàá, ọdún àádọ́ta, ni ẹyẹ fi ń san án. Ohun tó túmọ̀ sí fún wa ni pé nínú ọ̀pọ̀ abala igbó tó wà káàkiri ilẹ̀ olóoru lónìí, àwọn ẹyẹ kan ṣì ń kọrin tí ọjọ́ wọn ti kọjá nínú ìṣirò. Ó tún túmọ̀ sí pé àkókò ṣì wà kí a tó san án tán.

Ohun tó wà láàárín

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbèrò gbójú fò ni ilẹ̀ tó wà láàárín abala kan àti èkejì. Ìwọ̀n igbó ṣe pàtàkì, kò sí àní-àní, igbó ńlá kò ní àfidípò. Ṣùgbọ́n fún ẹyẹ tí kò lè fò já mítà 100, ohun tó wà nínú mítà 100 yẹn ni ikú tàbí ìyè. Oko kọfí tó ní igi ibòji lókè yàtọ̀ sí oko tí wọ́n fá lórí. Igbó tóóró tó tẹ̀lé odò láti abala kan dé èkejì, ọ̀nà ni. Àgbẹ̀ náà sì ń jèrè: ní Costa Rica, ìwádìí tó jáde ní 2013 rí i pé ẹyẹ ń dín kòkòrò tó ń lu kóró kọfí kù ní ìdajì, àwọn ẹyẹ tó ń ṣe iṣẹ́ náà sì pọ̀ jù ní oko tí igbó ṣì wà nítòsí rẹ̀.

Nítòsí Manaus, iṣẹ́ da màlúù kò lérè tó bí wọ́n ṣe rò, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ pápá sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé igi láìjó o, igi Cecropia ló hù, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn, ó yára ga, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì tètè ní ibòji. Ibi tí wọ́n ti jó léraléra, igi Vismia ló gba ilẹ̀, igbó sì ń falẹ̀. Ní ìhà ti Cecropia, kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn atẹ̀lé ìjàlọ ti tún ń yọjú nínú àwọn abala hẹ́kítà 10 tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ onírìn-pọ̀ náà sì tún ń kọjá. Àwọn tó ń yí ewé padà nílẹ̀ kò yára bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọdún mélòó kan, nítorí ìwádìí, wọ́n tún máa ń gé ọ̀já ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 100 yí àwọn abala náà ká, àwọn ẹyẹ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní etí igbó, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ níwájú wọn.